Kí Ẹ Tó Ra Kẹ̀kẹ́ Ọmọ Oníjòókòó Méjì

Iṣẹ́ títún kẹ̀kẹ́ ọmọ, èyí tí a fi ń ti ọmọ kiri, ṣe ni mò ń ṣe, ó sì ti pẹ́ tí mo ti rí i pé púpọ̀ nínú àwọn kẹ̀kẹ́ oníjòókòó méjì tí àwọn òbí ń gbé wá bá mi ni kò bàjẹ́ rárá. Bàbá kan yóò ní tirẹ̀ kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ìyá kan yóò ní òun kò lè dá a gbé sínú búùtù ọkọ̀. Àwọn mìíràn a sì sọ pé kẹ̀kẹ́ àwọn ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́. Bí mo bá yẹ̀ ẹ́ wò tán, n ó rí i pé bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é gan-an ló wà. Ilé tí wọ́n gbé e lọ àti àwọn ọmọ tí wọ́n gbé sínú rẹ̀ ni kò bá a mu.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀ tàbí ẹwà: ọmọ ọdún mélòó ni ẹ̀gbọ́n yóò jẹ́ lọ́jọ́ tí a bá bí àbúrò? Bí ó bá jẹ́ ìbejì ni ẹ ń retí, kò sí àríyànjiyàn, ìjókòó méjì ni ẹ nílò láti ọjọ́ kìíní. Bí ẹ̀gbọ́n yóò bá jẹ́ ọmọ ọdún kan tàbí ọdún kan àbọ̀, àwọn méjèèjì yóò jọ gùn ún pẹ́, owó tí ẹ fi rà á kò ní í ṣòfò. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta yóò fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ìgbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́ nìkan ni yóò wá kẹ̀kẹ́. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kẹ̀kẹ́ oníjòókòó kan tí a so pátákó onítáyà mọ́ lẹ́yìn, èyí tí ẹ̀gbọ́n lè dúró lé, sábà máa ń tó. Ọ̀pọ̀ irú pátákó bẹ́ẹ̀ kì í gbà ju nǹkan bí kílò 20 lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ wò ó bóyá ó bá irin kẹ̀kẹ́ yín mu. Mo mọ̀ pé inú ẹni tó ń ta kẹ̀kẹ́ kò ní í dùn sí gbólóhùn yìí, ṣùgbọ́n àìmọye kẹ̀kẹ́ oníjòókòó méjì ni mo ti rí tí ìjókòó kan nínú rẹ̀ mọ́ tóní bí ìgbà tí wọ́n rà á, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò jókòó síbẹ̀.

Irú kan tún wà tí a lè rà ní oníjòókòó kan, kí a wá fi ìjókòó kejì kún un bí ọmọ mìíràn bá dé. Ó dára fún ẹni tó mọ̀ pé òun ṣì ń bímọ. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń wúwo ju kẹ̀kẹ́ oníjòókòó kan lásán lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, àti pé ilé-iṣẹ́ lè yí bátánì rẹ̀ padà kí ẹ tó bí èkejì, tí ìjókòó tí ẹ ń wá kò ní í sí lórí àtẹ mọ́. Bí agbára bá wà, ẹ ra ìjókòó kejì náà pọ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn ọjọ́ orí, téèpù ìwọnlẹ̀ ló kàn. Kẹ̀kẹ́ tí ìjókòó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sábà máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 70 sí 80, ẹnu ọ̀nà inú ilé púpọ̀ kò sì fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe wọn férémù ilẹ̀kùn. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣí i, kí ẹ wá wọn àlàfo tó ṣẹ́ kù, nítorí pé ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ ń jẹ lára àyè. Ẹ wọn ẹnu lífítì àti jíjìn inú rẹ̀ bí ẹ bá ń lò ó, kí ẹ sì wọn búùtù ọkọ̀ yín. Àwọn kẹ̀kẹ́ kan wà tí a kò lè ká àfi bí a bá kọ́kọ́ yọ ìjókòó méjèèjì kúrò, ẹrù mẹ́ta sì ni ẹ óò di sínú ọkọ̀ nígbà náà. Ní ti ìwúwo, ọ̀pọ̀ wọn wọn kílò 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọmọ kankan tó wọ inú rẹ̀. Ọwọ́ kan ni kí ẹ fi gbé e wò, nítorí pé ọmọ ni yóò wà ní ọwọ́ kejì.

Ibi tí àríyànjiyàn pọ̀ sí jù ni ètò ìjókòó. Nínú kẹ̀kẹ́ tí ìjókòó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọmọ méjèèjì ń rí iwájú bákan náà, ẹnikẹ́ni kì í wà lábẹ́ ẹnìkejì, kì í sì í ṣòro láti tẹ ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀ kí iwájú rẹ̀ lè gbéra gun ibi tó ga. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá wọn kílò 4 tí ẹnìkejì sì wọn kílò 13, ẹ̀gbẹ́ tó wúwo ni kẹ̀kẹ́ náà yóò máa fẹ́ yà sí. Èyí gan-an ni ohun tí àwọn òbí ń pè ní ẹsẹ̀ wíwọ́, kò sì sí òǹtúnṣe tó lè tún un ṣe tán. Ẹ̀gbọ́n yóò tún máa rí etí àbúrò fà.

Èyí tí ìjókòó kan wà níwájú tí èkejì wà lẹ́yìn kì í fẹ̀ púpọ̀ ju kẹ̀kẹ́ ọlọ́mọ kan lọ, ó sì ń gba ibi tóóró kọjá. Gígùn rẹ̀ ni ìṣòro rẹ̀: ó ṣòro láti yí ní kọ̀rọ̀, ìwúwo iwájú sì jìnnà sí ọwọ́ ẹni tó ń tì í, nítorí náà agbára ni ẹ óò fi gbé e gun ibikíbi tó bá ga. Bí ìjókòó kan bá wà lábẹ́ èkejì, ti ìsàlẹ̀ sábà máa ń há, kì í sì í jẹ́ kí ọmọ tó ga na ẹsẹ̀ dáadáa. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé bí ẹ bá gbé ọmọ kan kúrò, ìwúwo ẹnìkejì lè mú kí kẹ̀kẹ́ náà dojú dé tàbí kí ó ṣubú sẹ́yìn. Ìwé ìlànà rẹ̀ yóò sọ ìjókòó tó yẹ fún ọmọ tuntun àti iye kílò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbà. Iye náà lè má dọ́gba. Ní tèmi, mo fara mọ́ ti ẹ̀gbẹ́ ara wọn fún ìbejì. Fún ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nínú ilé tí ọ̀nà rẹ̀ há, ti iwájú àti ẹ̀yìn ni mo máa ń yàn.

Ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ lè sùn gbalaja, nítorí pé ọrùn rẹ̀ kò tíì le, bí ó bá sì tẹ̀ kolo, ó lè dí i lọ́nà àtimí. Ìjókòó tí kò nà sílẹ̀ pátápátá kì í ṣe fún ọmọ tí kò tíì tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà, bí ó ti wù kí ẹ gbé tìmùtìmù sí i tó. Fún ìbejì, méjèèjì ló gbọ́dọ̀ nà bẹ́ẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì fi ojú ara yín rí i. Ìjókòó ọkọ̀ tí a ń gbé kọ́ orí irin kẹ̀kẹ́ wà fún ìrìn kúkúrú. Kò yẹ kí a fi í ṣe ibùsùn.

Ẹ wá àmì ìlànà ààbò lára kẹ̀kẹ́ náà. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, EN 1888 ni. Apá kìíní rẹ̀ wà fún ọmọ tí kò ju kílò 15 lọ, apá kejì sì wà fún èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ títí dé kílò 22. Ní Amẹ́ríkà, ASTM F833 ni. Bẹ́líìtì tó gba èjìká méjèèjì, ìbàdí méjèèjì àti agbede méjì ẹsẹ̀ ni kí ẹ gbà. Ẹ má ṣe fi báàgì wúwo kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kí ẹ má sì fi aṣọ bo ojú rẹ̀ nítorí oòrùn, nítorí pé ooru yóò há mọ́ ọmọ nínú. Bí ẹ bá ń ká a tàbí tí ẹ ń tú u, kí ọmọ jìnnà sí i, torí pé oríkèé irin lè gé ìka.

Bí ó bá jẹ́ àlòkù ni ẹ fẹ́ rà, ẹ tú u kí ẹ gbọ́ bóyá ìdè rẹ̀ há dáadáa, ẹ gbé e sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láìsí ọmọ nínú rẹ̀ kí ẹ fi bíréèkì dè é, kí ẹ sì fa bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan gidigidi. Aṣọ tó ya ṣeé rán. Irin tó ti sán, bí ó ti wù kí ó kéré mọ, èmi kì í gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti jó o pọ̀.