Èèrà Bo Ìtọ̀, Wọ́n Ní Páńkíríàsì Ni: Kí Ló Pa Méjèèjì Pọ̀?

Ìyá aláró kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbí ní Òṣogbo, ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì jókòó tì wá, òun náà sì bá a dá sí i.

Ìyá: Mo rí èèrà níbi tí mo tọ̀ sí. Ilé ìwòsàn ní àtọ̀gbẹ ni. Mi ò lá ṣúgà, mi ò mu mínírà. Ibo ni ṣúgà ti wá?

Inú ẹ̀bà ni, Mà. Inú àmàlà àti iyán náà ni. Òkèlè tí a gbé mì, ṣúgà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń dà nínú ìfun kó tó wọ ẹ̀jẹ̀. Insulin, èròjà kan tí páńkíríàsì ń dà sínú ẹ̀jẹ̀, ló ń mú kí iṣan àti ọ̀rá gbà á wọlé. Bí insulin bá wọ́n, tàbí tí ara ò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ṣúgà á kún inú ẹ̀jẹ̀. Kíndìnrín tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ a máa dá ṣúgà padà sára, ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá nǹkan bíi 180 mílígíráàmù nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan, apá rẹ̀ ò ká a mọ́. Ìyókù á bá ìtọ̀ jáde, á sì fa omi dání. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń dìde tọ̀ lóru, tí òùngbẹ sì ń gbẹ yín. (Kí ẹnikẹ́ni má dúró de èèrà o. Ẹ̀jẹ̀ ni ká lọ yẹ̀ wò.)

Ìyá: Ta wá ló sọ pé páńkíríàsì ló fà á?

Ẹran pẹlẹbẹ kan ni, ó sùn sẹ́yìn àpòlúkù. Oskar Minkowski, oníṣègùn kan, ló rí i pé òun ló fà á. Ní 1889, ní Strasbourg tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, òun àti Joseph von Mering ń jiyàn lórí bí ọ̀rá ṣe ń dà nínú ìfun. Ni Minkowski bá yọ páńkíríàsì ajá kan. Ajá náà ò kú, àmọ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílẹ̀ ṣáá, ajá tí wọ́n ti kọ́ pé kó má tọ̀ sínú ilé. Minkowski yẹ ìtọ̀ náà wò, ó bá ṣúgà níbẹ̀. Àwọn kan fi eṣinṣin tó bo ìtọ̀ náà ṣe iyọ̀ sí ìtàn yìí. Ìtọ̀ ilẹ̀ yẹn ti tó èmi.

Kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Ó tún fi ègé páńkíríàsì sábẹ́ awọ ara ajá tó ti yọ páńkíríàsì rẹ̀: ṣúgà ò jáde. Ó yọ ègé náà, ṣúgà dé. Ègé yẹn ò sì ní ọ̀nà kankan dé ìfun. Á jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ ló ń da nǹkan sí.

Ọmọ: Tí wọ́n ti mọ̀ láti 1889, kí ló dé tí abẹ́rẹ́ insulin fi di 1922?

Ìbéèrè gidi nìyí. Iṣẹ́ méjì ni páńkíríàsì ń ṣe. Ní 1869, Paul Langerhans, akẹ́kọ̀ọ́ lásán nígbà náà, rí àwọn ìdì kéékèèké tó fọ́n káàkiri inú rẹ̀ bí erékùṣù. Ibẹ̀ ni insulin ti ń wá, kò sì ju ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún páńkíríàsì lọ. Èyí tó pọ̀ jù ń ṣe omi tó ń da ẹran nínú ìfun. Tí o bá gún gbogbo rẹ̀ pọ̀, omi yẹn á jẹ insulin run. Ti adìẹ àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ mọ́ inú àgò kan, kí o wá máa retí ẹyin láàárọ̀!

Ní 1921, Frederick Banting, oníṣègùn kan, àti Charles Best, akẹ́kọ̀ọ́ kan, bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí wọ́n ṣe máa fa insulin yọ, ní yàrá ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Macleod ní Toronto, ní Kánádà.  Ọmọ ọdún 14 kan, Leonard Thompson, ló kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́ ní 11 oṣù kìíní 1922. Kò bá a lára mu. Collip, onímọ̀ kẹ́místrì kan, fi ọtí líle fọ oògùn náà mọ́, wọ́n fún un lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ṣúgà sì wálẹ̀. Banting àti Macleod gba ẹ̀bùn Nobel ní 1923. Minkowski wà láyé di 1931, ojú rẹ̀ ló ṣe. Kò gba Nobel, ó sì dùn mí.

Ìyá: Ṣé abẹ́rẹ́ yẹn ni tèmi náà?

Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti àwọn kan, ara wọn ló pa àwọn erékùṣù yẹn run, abẹ́rẹ́ sì di dandan. Ti àgbàlagbà, lọ́pọ̀ ìgbà, insulin wà, ara ni kò gbọ́ tirẹ̀. Oògùn oníhóró bíi metformin ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ewúro? Ẹ sè é lọ́bẹ̀, ẹ má fi rọ́pò oògùn.

Ó ní ẹ̀bà ọ̀sán rẹ̀ ńkọ́. Mo ní ìdajì, kí ẹ̀fọ́ kún ìyókù abọ́. Ó wo ẹ̀bà náà títí, ó gé e sí méjì, ó sì ti èyí tó tóbi jù sọ́dọ̀ ọmọ ọmọ rẹ̀.