Ta Ló Ń Ka Ọjọ́ Orí Ìkarahun Ìsàlẹ̀ Òkun?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Bí rédíò bá ti lè sọ pé àwọn onímọ̀ gbẹ́ ẹrẹ̀ jáde nísàlẹ̀ òkun, pé ẹrẹ̀ náà ti tó mílíọ̀nù ọdún mélòó kan, mo ti mọ ohun tí n ó gbọ́ ní yàrá àwọn tíṣà wa l'Ádó lọ́jọ́ kejì: "Wọ́n ti fi kábọ́ọ̀nù wò ó nìyẹn." Ẹni tó gba ìròyìn náà gbọ́ ń sọ ọ́, ẹni tó ní irọ́ ni náà ń sọ ọ́. Lóṣù tó kọjá, níbi òkú ìyá kan ní Ìkẹ́rẹ́, àbúrò mi kan tún là á yé mi: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n kàn ń ki ìkarahun yẹn bọ ẹ̀rọ ni, ẹ̀rọ á tẹ ọdún rẹ̀ jáde bíi rìsíìtì." Mo fi iyán iwájú mi sílẹ̀.

Pé ìkarahun wà nínú ẹrẹ̀ náà, n kò ní jiyàn ìyẹn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Foraminifera ni wọ́n ń pe irú kan nínú wọn, ọ̀pọ̀ wọn kò tó mìlímítà kan. Wọ́n ń léfòó nínú omi, wọ́n á kú, ìkarahun wọn á máa rọ̀ sísàlẹ̀ bí èlùbọ́ láti ojú asẹ́. Láti 1968 tí ọkọ̀ Glomar Challenger ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ti ń fi páìpù fa irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde káàkiri ayé.

Kábọ́ọ̀nù gan-an ni ìjà mi. Èyí tí wọ́n ń wí, oní-14, ara ohun abẹ̀mí ló máa ń wà; bí nǹkan náà bá ti kú, ìdajì rẹ̀ máa ń lọ ní gbogbo ọdún 5,730. Ẹ mú bébà kan, ẹ ya á sí méjì, ẹ ju ìdajì nù. Ẹ tún ya èyí tó kù. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ìdá kan nínú 1,024 ló kù lọ́wọ́ yín. Ìdí nìyẹn tí kábọ́ọ̀nù fi máa ń yadi bó bá ti ń tó 50,000 ọdún. Ẹ wá wo ẹrẹ̀ ọ̀hún: láàárín agbami, níbi tí ìkarahun ti pọ̀, sẹ̀ǹtímítà kan sí mẹ́ta ló ń ga láàárín ẹgbẹ̀rún ọdún. A jẹ́ pé mítà kan àtààbọ̀ ti gbé gbogbo 50,000 ọdún náà mì. Bẹ́ẹ̀, páìpù kan ṣoṣo ń fa mítà mẹ́sàn-án àtààbọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ń tún un fà títí yóò fi di ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà. Ta ló wá ń ka ọjọ́ orí tìsàlẹ̀?

Nígbà tí a ń gbẹ́ ṣọkawé lẹ́yìn ilé bàbá mi, orí ààtàn àtijọ́ la gbẹ́ ẹ sí. Àpò omi píọ̀-wọ́tà ló kọ́kọ́ ń jáde, lẹ́yìn náà agolo àti bàtà rọ́bà, lẹ́yìn náà kọ́bọ̀ mẹ́wàá onírin. Nígbà tí kòtò mu ẹni tó ń gbẹ́ ẹ dé ọrùn, kò sí kọ́bọ̀ mọ́, ọ̀nìní oníhò la ń rí, tí ọdún tí wọ́n kọ sí i lára ti pa rẹ́. Kò sẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ wá. Kọ́bọ̀ Nàìjíríà (kì í ṣe pẹ́nì tí àwọn bàbá wa ń pè ní kọ́bọ̀) jáde lóṣù kìíní ọdún 1973. Erùpẹ̀ tó bá ti gbé e mọ́ra kò lè dàgbà ju ìyẹn lọ. Àmọ́ ẹ ṣàkíyèsí: kọ́bọ̀ kọ́ ló sọ 1973 fún mi. Ibòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ.

Òkun náà ní ọ̀nìní tirẹ̀. Discoaster lorúkọ rẹ̀, ìkarahun ohun abẹ̀mí tíntìntín kan tó ń léfòó nínú omi ni, ó rí bí ìràwọ̀, àfi kéèyàn fi maikirosíkópù wò ó. Téèyàn bá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ẹrẹ̀ sókè, ìràwọ̀ yìí á pọ̀, á dé ibì kan, á tán. Nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 1.9 sẹ́yìn ni èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn kú. Ta ló sọ ọdún yẹn? Kì í ṣe ìràwọ̀ náà. Mágínẹ́ẹ̀tì ayé máa ń yí padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí àríwá kọ́ńpáàsì á di gúúsù, ẹrẹ̀ tó ń rọ̀ sísàlẹ̀ a sì máa di àmì rẹ̀ mú. Òkúta tí òkè ayọnáyèéfín pọ̀ sórí ilẹ̀ náà ń di àmì kan náà mú, òun sì ní pòtásíọ́mù tó ń di ágọ́nù, irú afẹ́fẹ́ kan, díẹ̀díẹ̀, èyí tí wọ́n lè fi ṣírò ọdún rẹ̀. Ọ̀dọ̀ òkúta yẹn ni ẹrẹ̀ ti lọ yá ọdún. Dìákónì kan nínú wa ní ẹrẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí ìkarahun, kí wọ́n tún fi ìkarahun mọ ti ẹrẹ̀, bí olè tó mú ọmọ rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Ìbá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, bí kì í bá ṣe ti òkúta yìí.

Nǹkan kan ṣì wà níbẹ̀ o. A rí ọ̀nìní kan lókè pátápátá, láàárín àpò píọ̀-wọ́tà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló rántí pé wọ́n ti gbẹ́ ṣáláńgá síbẹ̀ rí, tí erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ fi wá di tòkè. Nínú òkun, omi tó ń ṣàn nísàlẹ̀ lè ha ẹrẹ̀ àtijọ́ lọ dà sórí tuntun, ìdin àti kòkòrò náà sì ń tú u kiri. Ibi tó bá sì jìn tó kìlómítà mẹ́rin sí márùn-ún, ìkarahun foraminifera lè yòrò tán kó tó rí ilẹ̀ sùn. Nítorí náà, ìkarahun kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí.

Èmi náà kò fọwọ́ sọ̀yà. Ìgbà ìkẹyìn tí mágínẹ́ẹ̀tì ayé yí padà, 730,000 ọdún ni àwọn tó ń ṣírò òkúta pè é tẹ́lẹ̀. Ní 1990, àwọn tó ń ka ẹrẹ̀ òkun láìyá ọdún lọ́wọ́ òkúta, tó jẹ́ pé ìyípadà díẹ̀díẹ̀ nínú ọ̀nà tí ayé ń gbà yí oòrùn po ni wọ́n fi ń kà á, ní irọ́ ni, ó ń lọ sí 780,000. Àwọn olókúta padà lọ wọ̀n ọ́n, wọ́n gbà. Lónìí, nǹkan bíi 773,000 ni wọ́n ń sọ. Bóyá yóò tún yẹ̀ díẹ̀, n kò mọ̀. Àmọ́ kò fìgbà kankan já wá sí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ọdún tí àwọn kan ní ayé kò jù lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni bá mú ìwé wá pé kábọ́ọ̀nù yẹ òkúta kan wò, ó sì jẹ́ mílíọ̀nù ọdún méjì, ẹ dá owó yín padà sápò. Ẹ má sì gbé òkúta Olósùnta, òkè Ìkẹ́rẹ́ yẹn, wá bá mi mọ́ pé ìkarahun òkun wà nínú rẹ̀. Ìgbóná abẹ́ ilẹ̀ ló yọ́ òkúta wa kó tó dì. Ohun tó ń dán nínú rẹ̀ yẹn kì í ṣe ìkarahun. Ẹni tó bá fẹ́ rí ti òkun, kó wọkọ̀ lọ sí Ewékorò, níbi òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Ó ju mílíọ̀nù ọdún 55 lọ, ìkarahun sì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Òkun tí kò jìn ló fi í sílẹ̀ o, kí ẹ má lọ sọ fún wọn ní Ìkẹ́rẹ́ pé mo ní ìsàlẹ̀ agbami ni.