Bí Ọ̀rinrin Ṣe Ń La Ọ̀nà fún Iná Mànàmáná Nínú Sẹ̀rámíìkì

Ní Ilé-Ifẹ̀, bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, aṣọ tí wọ́n sá láàárọ̀ á ti gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n. Lóṣù Kẹsàn-án, aṣọ kan náà lè sun orí okùn kó ṣì tutù. Omi inú afẹ́fẹ́ ló fa ìyàtọ̀ yìí. Irú omi bẹ́ẹ̀ náà ló ń sọ bóyá àwọn sẹ̀rámíìkì kan yóò gbé iná mànàmáná dáadáa.

Àmù Ìpetumodù ní ihò wínníwínní lára. Omi ń gba ibẹ̀ sun jáde, ìyẹn ló ń jẹ́ kí omi inú rẹ̀ tutù. Ṣùgbọ́n ihò lomi náà ń gbà, kì í di ara amọ̀. Ti barium zirconate, sẹ̀rámíìkì tí wọ́n fi barium, zirconium àti ọ́síjìn ṣe, yàtọ̀. Wọ́n lè sun ún ní nǹkan bíi 1,600°C títí gbogbo ihò ara rẹ̀ yóò fi dí, síbẹ̀ omi á wọ inú rẹ̀, á sì di ara rẹ̀.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá nìyí: wọ́n á yọ díẹ̀ nínú zirconium rẹ̀, wọ́n á fi yttrium dí i. Zirconium ní agbára iná mẹ́rin, mẹ́ta ni ti yttrium. Kí ìṣirò lè dọ́gba, bí yttrium méjì bá wọlé, ọ́síjìn kan á jáde, àyè rẹ̀ á ṣófo. Ọ́síjìn inú omi ló ń wá jókòó sí àyè náà. Háídírójìn méjì inú omi náà á di prótọ̀nì, ìyẹn èérún tó ní agbára iná kan: ọ̀kan á dúró tì í, èkejì á lọ so mọ́ ọ́síjìn mìíràn nítòsí.

Prótọ̀nì wọ̀nyí kì í jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n á máa yí ọ́síjìn tí wọ́n so mọ́ ká, bí ọ́síjìn ẹ̀gbẹ́ wọn bá sì gbọ̀n sún mọ́ wọn, wọ́n á fò sí i, bí ẹni tó ń ti orí òkúta bọ́ sórí òkúta kọjá odò. Fífò yẹn gan-an ni iná tó ń kọjá. Bí wọ́n bá fi omi tí háídírójìn rẹ̀ wúwo ní ìlọ́po méjì rọ́pò omi lásán, iná tó ń kọjá á dínkù. Ẹ̀rí tó dùn mọ́ni lèyí, nítorí ẹni tó ń ru ẹrù ti fi ara rẹ̀ hàn. Hiroyasu Iwahara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ti fi hàn lọ́dún 1981 pé prótọ̀nì ń gba inú irú sẹ̀rámíìkì báyìí.

Bí omi inú afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po mẹ́rin, prótọ̀nì inú sẹ̀rámíìkì kò ní jù ìlọ́po méjì lọ, nítorí pé méjì méjì ni omi ń bí wọn. Bí gbogbo àyè bá sì ti kún, àfikún omi kò wúlò mọ́. Ooru náà ní tirẹ̀: bí kò bá tó, prótọ̀nì kò ní lè fò; bí ó bá pọ̀ jù, omi á jáde bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Láàárín nǹkan bíi 400°C sí 600°C ni iṣẹ́ ti ń dùn ún ṣe.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń wọn bí sẹ̀rámíìkì yìí ṣe ń gbé iná sí ní Ifẹ̀ kò gbọdọ̀ gbára lé afẹ́fẹ́ inú yàrá. Sẹ̀rámíìkì kan náà lè fún un ní iye kan lásìkò ọyẹ́, kó fún un ní òmíràn lásìkò òjò. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbígbẹ hó gba inú omi tó wà ní 25°C kọjá. Nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ á wá jẹ́ omi, l'ọ́yẹ́ l'ójò.

Omi yìí kan náà lè ba nǹkan jẹ́. Barium cerate, tó ní cerium níbi tí barium zirconate ti ní zirconium, máa ń gbé iná ju barium zirconate lọ, ṣùgbọ́n bí omi bá pọ̀ tí ooru kò sì tó, á bẹ̀rẹ̀ sí í rún. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń po cerium mọ́ zirconium: kí èkíní gbé iná, kí èkejì má jẹ̀ẹ́ kó wó.