80 sí 125: Ìgbà wo la lè sọ pé òògùn méjì dọ́gba?

Ẹni tó bá ń ra òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní kẹ́mísìtì mọ ìbéèrè yìí: "Ti òyìnbó ni àbí ti Íńdíà?" Amlodipine ló wà nínú méjèèjì, owó wọn ló jìnnà síra. Kí ilé iṣẹ́ kejì tó gba àṣẹ láti ta tirẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé bí ti àkọ́kọ́ ṣe ń wọ ẹ̀jẹ̀ ni tòun náà ń wọ̀ ọ́. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní bioequivalence.

Wọ́n á kó àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá jọ, bíi 24 tàbí 36. Ìdajì á lo òògùn kan, ká pè é ní A, ìdajì á lo èkejì, ìyẹn B. Tó bá ti kúrò lára wọn tán, wọ́n á pààrọ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á máa fà lápá wọn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí wọ́n lè mọ ibi tí òògùn ga dé jù lọ, ìyẹn Cmax, àti gbogbo iye tó wọ ẹ̀jẹ̀, ìyẹn AUC.

Ìṣirò rẹ̀ ló gba àròjinlẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ká wá ìyàtọ̀ ká má rí i, ọ̀tọ̀ ni ká mọ̀ pé kò sí. Ẹni tó fi àtùpà kékeré wá abẹ́rẹ́ tó sọnù, tó ní òun ò rí i, ṣé abẹ́rẹ́ ò sí ńlẹ̀ nìyẹn? Tó bá jẹ́ "a ò rí ìyàtọ̀" la fi ń yege, ẹni tó yẹ èèyàn márùn-ún péré wò ló máa rọrùn fún jù! Ni wọ́n bá yí ẹjọ́ náà po: a gbà pé òògùn méjèèjì yàtọ̀, àfi tí ẹ̀rí bá ní rárá. Lọ́dún 1987, Donald Schuirmann, onímọ̀ ìṣirò kan, ṣàlàyé ọ̀nà tí wọ́n ń lò títí dòní: ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀mejì, ṣé kò kéré jù, ṣé kò sì pọ̀ jù? Ó gbọ́dọ̀ yege nínú méjèèjì.

Ibẹ̀ ni 80 sí 125 ti wá: tí a bá fi iye òògùn kan ṣe 100, ti èkejì ò gbọ́dọ̀ kéré ju 80, kò sì gbọ́dọ̀ ju 125 lọ. Tí A bá jẹ́ ìdá 80 nínú 100 B, B máa jẹ́ 125 sí 100 A. Àwọn kan wá ń sọ pé òògùn olówó pọ́ọ́kú lè dín ní ìdá 20. Irọ́ ni. Ìwádìí kì í mú nọ́ńbà kan ṣoṣo jáde, ààyè kan ló ń mú wá, bíi láàárín 92 sí 108, gbogbo ààyè yẹn ló sì gbọ́dọ̀ wọ inú 80 sí 125. Òògùn tí àárín tirẹ̀ bọ́ sí 82, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan á sábà wà níta. Nígbà tí FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí òògùn ní Amẹ́ríkà, wo ìwádìí 2,070 tí wọ́n gbà láàárín 1996 sí 2007, ìyàtọ̀ AUC kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ, tí a bá pín in dọ́gba.

Fún tacrolimus, èyí tí ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún ń lò kí ara má baà kọ̀ ọ́, Yúróòpù tún fún ọgbà náà pọ̀: AUC rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín 90 sí 111, torí ìwọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó ń ba kíndìnrín ọ̀hún jẹ́ kò jìnnà síra.