Bítàsì inú Chapman: bí oògùn inú rírun ṣe di ohun mímu àlejò

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá Chapman tí wọ́n gbé síwájú òun jẹ́ ojúlówó, kó má wo àwọ̀ rẹ̀. Ribena lásán lè mú un pọ́n. Kó má sì wo kùkúmbà tí wọ́n fi há etí ife. Kó mu ún lẹ́ẹ̀kan, kó dúró díẹ̀. Bí adùn Fanta àti Sprite bá ti kọjá lọ, ó yẹ kí ìkorò kan rọra yọ ní ìsàlẹ̀ ahọ́n, tí òórùn rẹ̀ yóò jọ ti egbòogi. Bítàsì, omi egbòogi kíkorò tí wọ́n ń kán sínú rẹ̀, ló ń mú un wá. Ìkorò yẹn ni Chapman. Níbi tí kò bá ti sí, ẹlẹ́rìndòdò méjì tí wọ́n dà pọ̀ lẹ ń mu.

Ìtàn tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni ti Ìkòyí. Wọ́n ní agbọ́tí kan tó ń jẹ́ Sam Alamutu, ní Ikoyi Club l'Ékòó, ló po ohun mímu kan fún oníbàárà rẹ̀ tó ń jẹ́ Chapman, tí orúkọ oníbàárà sì mọ́ ohun mímu náà lára. Èyí kò ṣòro fún mi láti gbà. Ohun tí mi ò lè gbà ni ọdún 1938 táwọn kan máa ń fi kún un. 1938 ni wọ́n dá kílọ́ọ̀bù yẹn sílẹ̀, nígbà tó ṣì jẹ́ ti àwọn òyìnbó nìkan, Fanta kò sì tíì dáyé nígbà náà. Jámánì ni wọ́n ti ṣe Fanta àkọ́kọ́, lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí ogun dí ọ̀nà mọ́ èròjà Coca-Cola. Max Keith, ọ̀gá iléeṣẹ́ náà níbẹ̀, ní láti rí nǹkan tà, ló bá fi omi ara wàràkàṣì àti pàǹtí èso ápù tí wọ́n ti fún ṣe é. Fanta ọlọ́sàn tí àwa mọ̀, Naples ní Ítálì ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1955. Sprite náà ò gba orúkọ rẹ̀ títí di 1961. Kódà Nigerian Bottling Company, tí A. G. Leventis dá sílẹ̀, 1953 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ Coca-Cola sínú ìgò l'Ékòó. Nítorí náà, Chapman tí à ń fi Fanta àti Sprite pò kò lè ṣe ẹ̀gbọ́n òmìnira Nàìjíríà. Bí agbọ́tí náà bá ti po nǹkan ṣáájú ìgbà yẹn, ẹlẹ́rìndòdò mìíràn ló fi pò ó. (Ribena nìkan ni ọjọ́ orí rẹ̀ bá ti kílọ́ọ̀bù náà dọ́gba: 1938 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lórúkọ yẹn ní ìlú Òyìnbó.)

Àmọ́ bítàsì ti wà tipẹ́. Ẹ mọ ìgò náà: ìgò kékeré tí ìwé ara rẹ̀ ga ju èjìká ìgò lọ, bí ọmọdé tó wọ agbádá bàbá rẹ̀. Johann Siegert, dókítà ará Jámánì, ló ṣe oògùn inú rẹ̀. Ọdún 1820 ló sọdá sí Venezuela, níbi tí Simón Bolívar ti ń bá Sípéènì jà fún òmìnira. Wọ́n fi í ṣe olórí oníṣègùn ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ní ìlú Angostura, létí odò Orinoco. Inú ń run àwọn ọmọ ogun, oúnjẹ kì í dà nínú wọn. Dókítà yìí ń pa egbòogi pọ̀, ó ń dán an wò, títí ó fi rí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn lọ́dún 1824.

Ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀: àgbo ni. Egbò tí wọ́n fi ọtí líle rẹ, bí àwọn alágbo wa ṣe ń fi ògógóró rẹ tiwọn. Gentian wà nínú rẹ̀, egbò kan tó korò ju ewúro lọ. Ìyókù, àṣírí iléeṣẹ́ ni. Orúkọ ìlú ni wọ́n fi pè é, Angostura bitters, ìlú náà sì ti yí orúkọ tirẹ̀ padà sí Ciudad Bolívar.

Àwọn atukọ̀ ló gbé e káàkiri, torí pé wọ́n rí i pé ó ń bá wọn lé èébì ojú òkun lọ. Àwọn ọ̀gá ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì wá ń kán an sínú jíìnì, jíìnì á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì ń pè é ní pink gin. Èyí ni àwọn òyìnbó amúnisìn ń mu nínú kílọ́ọ̀bù wọn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Agbọ́tí tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò ní wá bítàsì lọ síbi tó jìnnà.

Nígbà tí Venezuela ń dàrú, àwọn ọmọ Siegert kó iṣẹ́ bàbá wọn lọ sí Port of Spain, ní Trinidad, lọ́dún 1875. Ibẹ̀ ló wà títí dòní. Yorùbá ti ṣáájú iléeṣẹ́ bítàsì yìí dé erékùṣù yẹn. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú òkun wà lára wọn, Yaraba ni wọ́n ń pè wọ́n, orin Ṣàngó àti Ògún kò sì kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ wọn. Mi ò lè gbé ìgò náà lọ́wọ́ kí n má rántí wọn.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1806, ìwé ìròyìn kan ní Hudson, ìpínlẹ̀ New York, dá òǹkàwé kan lóhùn tó béèrè ohun tí kọkitéèlì jẹ́. Wọ́n ní ọtí líle èyíkéyìí ni, pẹ̀lú ṣúgà, omi àti bítàsì. Ẹ wá wo Chapman. Ṣúgà wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ pọ̀. Omi wà. Bítàsì wà. Ọtí líle nìkan ni wọ́n yọ, kò sì sí ohun tó bọ́gbọ́n mu tó bẹ́ẹ̀ nílé tí àlejò Alhaji, pásítọ̀ àti ọmọ iléèwé lè jọ jókòó yí tábìlì kan ká.

Bí ẹ bá ní àlejò bíi mẹ́fà, Fanta ìgò 50cl méjì àti Sprite ìgò 50cl méjì ti tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tutù dáadáa ṣáájú, torí yìnyín tó bá ń yọ́ nínú nǹkan gbígbóná, omi ló ń sọ ọ́ dà. Ẹ kọ́kọ́ da Ribena ìdajì ife sínú jọ́ọ̀gì, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ méjì sí i, ẹ kán bítàsì sí i tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Kùkúmbà àti yìnyín tẹ̀ lé e. Ẹlẹ́rìndòdò ló máa gbẹ̀yìn, ẹ rọra dà á, ẹ má rò ó púpọ̀, kí ìhó rẹ̀ má bàa pòórá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún àlejò yín. Ìpín 44.7 nínú ọgọ́rùn-ún bítàsì yìí ló jẹ́ ọtí. Ìwọ̀nba tó ń wọ inú jọ́ọ̀gì kéré gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ ọtí ló yẹ kó pinnu fúnra rẹ̀. Àbúrò bàbá mi, tí wọ́n ti lọ Mẹ́kà, ò mọ̀ títí mo fi sọ fún wọn, wọ́n sì gbé ife náà padà sórí tábìlì. Láti ìgbà náà ni mo ti ń po tiwọn lọ́tọ̀. Mo máa ń rin orógbó kan, mo á rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná díẹ̀ láti àárọ̀, mo á sẹ́ ẹ, mo á sì fi omi rẹ̀ rọ́pò bítàsì. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, wọ́n dákẹ́, wọ́n tún mu díẹ̀ sí i, wọ́n ní, "Orógbó rèé," wọ́n sì na ife sí mi kí n tún bu sí i.