Ibì Kan Ṣoṣo Tó fún Ọjọ́ Kan: Kíkó Ẹbí Jáde ní Èkìtì

Ìbéèrè tí àwọn òbí kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ibo la lè kó àwọn ọmọ yìí lọ, tí a ó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú?" Bí mo bá ti dárúkọ ibì kan, kíá ni èkejì á tẹ̀lé e: "Ṣé ibẹ̀ nìkan náà ni? Ṣé a ò lè ya ibòmíràn?" Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ amọ̀nà fún àwọn ẹbí àti ọmọ ilé-ìwé káàkiri Èkìtì, ìdáhùn mi kò sì tíì yí padà. Ẹ mú ibì kan. Ibì kan ṣoṣo tó fún ọjọ́ kan.

Ohun tí ojú mi rí ló jẹ́ kí n máa sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìdílé kan ní Adó bẹ̀ mí pé kí n mú àwọn dé Ìkògòsì, Àrìnta àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní Sátidé kan náà. Mo gbà. Ìyá àgbà tó bá wa lọ kò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ mọ́ lẹ́yìn ibi àkọ́kọ́, nítorí orúnkún rẹ̀ ti wú. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ bì sí bàbá rẹ̀ lára ní kọ́nà òkè Ẹ̀fọ̀n. Ọmọkùnrin tó dàgbà jù sì lóṣòó sí etí omi, ó ń wo akàn kan tó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn wọ abẹ́ òkúta. Èmi gan-an ni mo fà á lọ́wọ́ pé àkókò ń lọ. Ọ̀rọ̀ akàn yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní. Ohun tí ọmọ náà tìtorí rẹ̀ jáde nílé ni mo gbà mọ́ ọn lójú.

Bí ó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín nìyí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ Ìkògòsì. Láti Adó, ẹ ó gba Ìyìn, Ìgèdè àti Àrámọkọ, ẹ ó wá yà sí ọ̀nà Ẹ̀rìjìyàn. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ nílé-ìwé pé omi gbígbóná àti omi tútù pàdé níbẹ̀, ṣùgbọ́n etí gbọ́ ni, ẹsẹ̀ kò tíì bọ̀ ọ́. Bí a bá ti dé ibi tí omi méjèèjì ti dàpọ̀, mo máa ń ní kí ọmọ di ojú. Màá di ọwọ́ rẹ̀ mú, màá ní kó ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ ọ̀kan, kó sì ki tòsì bọ èkejì. Ẹ má wo omi nígbà yẹn o, ojú ọmọ ni kí ẹ máa wò. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà kan kọ́kọ́ dákẹ́ lọ gbári, ó yọ ẹsẹ̀, ó tún kì í bọ̀ ọ́, ó wá la ojú, ó sì bi ìyá rẹ̀ pé, "Ta ló ń dáná sábẹ́ èyí?"

Ìtàn wà fún ìbéèrè yẹn, ìdáhùn sáyẹ́ǹsì náà wà. Méjèèjì ni kí ẹ fún ọmọ. Àwọn àgbà ń pa á nítàn pé ìyàwó ọdẹ kan ni omi méjèèjì: inú ọ̀kan tètè máa ń ru, èkejì sì jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́, wọ́n sì di omi. Ti sáyẹ́ǹsì ni pé òjò tó ń rọ̀ sórí àwọn òkè yẹn ń gba ojú ibi tí àpáta ti sán wọ inú ilẹ̀ lọ jìnnà. Bí a bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ilẹ̀ ni ooru ń pọ̀ sí i. Omi náà á gbóná lọ́hùn-ún, á sì tún gba ojú ibòmíràn tí àpáta ti sán jáde kó tó ráyè tutù. Kì í ṣe òkè tó ń yọ iná ló wà nídìí rẹ̀. Ooru rẹ̀ tó bíi 37 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ooru ara èèyàn dọ́gba, ìdí nìyẹn tí kì í fi í bó ọmọ lẹ́sẹ̀.

Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọmọ bá wọ inú rẹ̀, kí àgbàlagbà kan wà nínú omi náà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó ọmọ. Ẹni tó jókòó sórí àga tó ń tẹ fóònù kò ṣọ́ ọmọ. Ọ̀rọ̀ yìí le, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń rì kì í pariwo bí a ṣe rò. Wẹ́rẹ́ ló máa ń lọ.

Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò kò jìnnà sí Ìkògòsì, òun ló fà á tí àwọn èèyàn fi máa ń fẹ́ so wọ́n pọ̀. Ẹ jẹ́ kó dá ọjọ́ tirẹ̀ ní. Omi tó ń já láti orí àpáta gba sùúrù, ọ̀nà inú igbó tó lọ síbẹ̀ náà gba sùúrù. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, omi á dín kù, òkúta á sì gbẹ díẹ̀, ìyẹn ló dára fún ẹni tó ní ọmọ kékeré. Nígbà òjò, ó máa ń kún, ó sì máa ń rẹwà gan-an, ṣùgbọ́n gbogbo òkúta tó wà níbẹ̀ ni ewédò ti bò, á máa yọ̀ bí ilá. Ẹ wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín. Sílípáàsì kò bójú mu níbẹ̀ rárá.

Ohun kan wà tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún gbogbo ẹni tí mo bá mú lọ sídìí omi tó ń já. Òjò lè má rọ̀ níbi tí ẹ wà, kó sì ti rọ̀ lókè. Bí omi tó mọ́ gaara bá ṣàdédé rú, tí ewé àti ẹ̀ka igi bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wá, tí ariwo rẹ̀ sì yí padà, ẹ kó ọmọ kúrò nísàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ gun ibi gíga. Ẹ má dúró ya fọ́tò. Mo ti rí omi kan tí kò ju kókósẹ̀ lọ tó dé orúnkún kí a tó kó bàtà wa tán.

Èyí tí àwọn èèyàn kò kà sí, tí èmi fẹ́ràn jù, ni Ìgèdè. Ọ̀pọ̀ ará Adó ló ń gba ibẹ̀ kọjá láìmọ̀ pé ibẹ̀ ni orísun odò Ọ̀ṣun. Odò yìí kan náà ló lọ kọjá ní Òṣogbo, níbi tí igbó Ọ̀ṣun wà tí àjọ UNESCO fi sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní ọdún 2005, tó sì ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà lápá Èkó. Fún ọmọ tó wà ní kíláàsì kẹrin tàbí ìkarùn-ún, kó dúró síbi tí odò ńlá ti bẹ̀rẹ̀, kó sì fi ìka tọ ipa ọ̀nà rẹ̀ lórí máàpù, ìyẹn ju ìwé jọ́gíráfì lọ. Ṣùgbọ́n ibi ọ̀wọ̀ ni. Ẹ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ìlú, ẹ tọrọ ààyè, ibi tí wọ́n bá ní kí ẹ má dé, ẹ má dé e, yálà ẹlẹ́sìn Kristi ni yín tàbí Mùsùlùmí.

Ìkẹ́rẹ́ náà wà, ó sún mọ́ Adó bí ilé aládùúgbò. Òkè Olósùnta ni gbogbo èèyàn mọ̀, mi ò sì gba ẹni tó ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá nímọ̀ràn láti gùn ún. Wíwò ó láti ìsàlẹ̀ nìkan ti tó. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ tìtorí rẹ̀ lọ sí Ìkẹ́rẹ́ ni ìtàn ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba ìlú náà. Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tó wá di ará Ìsẹ̀, ló gbẹ́ ẹ. Lára ilẹ̀kùn náà, Ògògà jókòó pẹ̀lú adé rẹ̀, òyìnbó aṣojú ìjọba kan sì wà lápá kejì tí wọ́n fi nǹkan gbé e lórí wá kí ọba. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley nílùú London. British Museum fẹ́ rà á, Ògògà kò gba owó, ó ní ìtẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún ni kí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn náà wà títí di òní. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Ẹ ṣí àwòrán ilẹ̀kùn yẹn lórí fóònù nígbà tí ẹ bá dúró níwájú ààfin, kí ọmọ wo ibi tó ti kúrò àti ibi tó lọ. Ẹ ránṣẹ́ sí ààfin ṣáájú o, kí ẹ sì kọ́ àwọn ọmọkùnrin bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀ àti àwọn ọmọbìnrin bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.

Bí ẹ bá ní ọmọ tó fẹ́ràn ìtàn Ògún, Ìrè kò jìnnà. Ẹ bi àwọn àgbà ibẹ̀ ìdí tí wọ́n fi ń sọ pé Ìrè kì í ṣe ilé Ògún, ẹmu ló yà mu ńbẹ̀.

Àwọn tí kò lọ́kọ̀, tàbí tí owó kò sí lọ́wọ́ lóṣù yìí, ẹ má jókòó sílé. Ẹ kó ọmọ lọ sí páàkì Fájúyì nínú Adó nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Adó ni wọ́n bí Adékúnlé Fájúyì sí, ní 1926. Òun ni gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà nígbà tí wọ́n pa òun àti àlejò rẹ̀, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi tó jẹ́ olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, ní oṣù Keje 1966. Ìtàn tí a jogún ni pé ó kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún ọmọ níbẹ̀, ẹ ra gúgúrú àti ẹ̀pà, kó máa jẹ ẹ́ bó ti ń gbọ́.

Oko ìyá àgbà ni èyí tí mo máa ń dámọ̀ràn jù fún àwọn ọmọ tó dàgbà sí ìgboro. Ìdílé kan ní mo bá lọ nínú oṣù Kẹjọ, nígbà iṣu tuntun. Ìyá àgbà fún ọmọkùnrin ọdún mẹ́jọ ní igi tó ní imú, ó ní kó fi tú ebè díẹ̀díẹ̀, kó má fi dá iṣu lọ́gbẹ́. Ọmọ náà kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbọn ilẹ̀ kúrò bí ẹni tó ń wá owó. Nígbà tí orí iṣu yọ, ó kígbe débi pé adìẹ sá. Wọ́n sun ún lójú iná oko, wọ́n fi ọ̀bẹ ha á, wọ́n fi epo pupa jẹ ẹ́. Ó gbọ́ tí ìyá àgbà ń pe ilé ní "ulé", tó ń pe iṣẹ́ ní "uṣẹ́", kí a tó dé Adó, òun náà ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Kò sí owó ìwọlé kankan nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ kàn mú iyọ̀, ọṣẹ àti búrẹ́dì dání fún ìyá àgbà.

Fún ìrìnàjò tó bá jìnnà díẹ̀, ẹ kúrò nílé ní aago méje àárọ̀. Ẹ yẹra fún ọjọ́ Àjíǹde, ọjọ́ Iléyá àti ọjọ́ kejì Kérésì, èrò á pọ̀ ju ohun tí ọmọ fẹ́ rí lọ. Ẹ pe ibi tí ẹ ń lọ lórí fóònù lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí ẹ mọ̀ pé wọ́n ṣí àti iye owó ìwọlé. Ẹ mú owó lọ́wọ́, nítorí kò dájú pé nẹ́tíwọ̀kì yóò wà tí ẹ ó fi lè ṣe tírańsífà. Jọ́lọ́ọ̀fù nínú kúlà dára, ọ̀lẹ̀ inú ewé sì dára jù ú lọ torí kò nílò ṣíbí. Omi mímu kó pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ mú aṣọ ìpààrọ̀ méjì méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, àti ọ̀rá ńlá tí ẹ ó kó ìdọ̀tí yín sí padà wálé. Ọmọ tí ọkọ̀ máa ń rí lára, ẹ fi í síbi tí yóò ti máa rí ọ̀nà, ẹ má sì fún un ní mílíìkì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí aago mẹ́ta bá yín nínú ọkọ̀, kí ilẹ̀ má baà ṣú bá yín lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ bá dé ibẹ̀ títí di aago mẹ́ta yẹn, bí ọmọ bá rí akàn, ẹ lóṣòó tì í.