Windows 10 ti kógbá wọlé: ṣé kí n ta láptọ́ọ̀pù mi ni?

Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ṣíwọ́ lórí Windows 10, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù. Láti ìgbà náà, àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ kóòdù kíkọ ní Àkúrẹ́ kò yé béèrè ohun tó kàn. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń ta láptọ́ọ̀pù wọn ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ ní sùúrù ná.

Ṣé láptọ́ọ̀pù mi máa dákú ni?
Rárá. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lánàá náà ló máa ṣiṣẹ́ lọ́la.

Kí ló wá parí?
Àtúnṣe ọ̀fẹ́ tó ń dí ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ògiri Windows 10 á ṣì máa lanu, kò sì sẹ́ni tí yóò máa rẹ́ ẹ mọ́. Ṣùgbọ́n Microsoft fi àtúnṣe ọdún kan sí i fún àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ níbi Windows Update, ó parí sí ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 2026.

Kí ló dé tí Windows 11 kò gbà sórí tèmi?
Ó ń béèrè TPM 2.0, èyí tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, àti processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tí kò tíì gbó jù. Ti Intel, ìran kẹjọ sókè ni wọ́n sábà máa ń gbà.

Mo fẹ́ ra tòkunbọ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ ìran rẹ̀?
Ibí yìí ni wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà Ọba Adésídà, ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni "Core i7 nìyí o!" Ẹ má tíì yọ owó. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ msinfo32 síbẹ̀, kí ẹ wo ìlà Processor. Bó bá jẹ́ i7-4600U, 4 tó tẹ̀ lé àmì (-) yẹn ló ń sọ ìran: ìran kẹrin ni. i5-8250U, ìran kẹjọ. i5-1135G7, 11 ló ṣáájú níbẹ̀, ìran kọkànlá ni. Core (ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú processor) méjì péré ni i7 ìran kẹrin yẹn ní, mẹ́rin ni i5-8250U ní. Àbúrò ti ju ẹ̀gbọ́n lọ. Ẹni tó ń tà á mọ̀. Ó kàn ń gbàdúrà kẹ́yin má mọ̀ ni.

RAM mélòó ló tó?
RAM ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. 8GB tó fún iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù. Bí ẹ bá fẹ́ máa ṣe áàpù Android, tẹ́ ẹ sì ń ṣí emulator (fóònù àfarawé inú kọ̀ǹpútà), ẹ wá 16GB. Ẹ béèrè bóyá ó ṣeé fi kún, torí nínú àwọn tó fẹ́lẹ́ gan-an, òjé ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù.

Èyí tó ti gbó lọ́wọ́ mi ńkọ́?
Èmi náà lo ọ̀kan. Bí mo bá ti tàn án, màá bu gààrí, màá da omi sí i, màá mu ún tán kó tó ṣí. Mo yọ hard disk rẹ̀, mo fi SSD, irú dísíìkì tó yá jù ú lọ, síbẹ̀, mo gbé Linux Mint, ètò mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ Windows, lé e. Ní báyìí gààrí kì í tíì wú tó fi ń ṣí. Ọ̀fẹ́ ni Linux. Àwọn irinṣẹ́ kóòdù kíkọ bíi VS Code, Python àti Git ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ dáadáa. Photoshop ni kò sí níbẹ̀.

Ṣé dandan ni Mac?
Àfi bí ẹ bá fẹ́ ṣe áàpù iPhone. Xcode, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣiṣẹ́ lórí ohun mìíràn.

Iná ńkọ́?
Ẹ ò ṣe béèrè rẹ̀ ṣáájú? Desktop lè lágbára ju láptọ́ọ̀pù olówó kan náà lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá múná lọ, kóòdù tẹ́ ẹ ò tíì fi pamọ́ bá a lọ nìyẹn. Láptọ́ọ̀pù ni kí ẹ rà, kí ẹ sì yẹ bátìrì rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ kọ powercfg /batteryreport. Yóò sọ ibi tó kó èsì sí. Ẹ ṣí i, kí ẹ wá Design Capacity (agbára bátìrì nígbà tó ṣì tuntun) àti Full Charge Capacity (èyí tó lè gbà báyìí). Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 50,000, tí èkejì jẹ́ 20,000, ìdá méjì nínú márùn-ún ló kù nínú bátìrì yẹn. Ẹ fi dúnàádúrà.

Kí ni kí n ṣọ́ra fún?
Activator ọ̀fẹ́ (ètò tí wọ́n fi ń ṣí Windows láìsanwó) tí ọ̀rẹ́ gbé wá sínú flash: fáírọ́ọ̀sì pọ̀ nínú wọn. Èkejì ni ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń gbé Linux wọlé. Ẹ kó fáìlì yín sí ibòmíràn, kí ẹ sì ti kóòdù yín lọ sórí GitHub, ibi ìpamọ́ kóòdù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ ẹ bá rí "Erase disk", gbogbo ohun tó wà lórí dísíìkì náà ló ń sọ, títí kan fọ́tò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n yín.